Wàrà kọ́ ló fi òkúta sínú kíndìnrín bàbá mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ ka èyí dópin. Ó gùn, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ wà nínú ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo sì fẹ́ fi ṣáájú.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣe fídíò kan. Kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Mo wọ aṣọ funfun bíi dókítà (ẹ máà rẹ́rìn-ín), mo to mílíìkì, wàrà, ẹja gbígbẹ àti edé sórí tábìlì, mo wá ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Tí o bá ti ní òkúta inú kíndìnrín rí, sá fún èyí, sá fún èyí, sá fún èyí." Ìdí tí mo sọ ni pé kálísíọ́mù ló wà nínú gbogbo wọn, kálísíọ́mù náà ló sì wà nínú òkúta yẹn. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Fídíò yẹn lọ jìnnà ju gbogbo ohun tí mo ti ṣe rí lọ. Àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn, sí ẹgbẹ́ ìjọ wọn, sí gbogbo ibi tí fóònù ń dé.

Irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà yẹn, àmọ́ irọ́ ni. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, ẹni tó sì kọ́kọ́ jìyà ẹ̀ ni bàbá tó bí mi.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ọmọ Igbaruku ni mí, ní ilẹ̀ Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ilẹ̀ Yorùbá parí sí Èkìtì, ẹ máa bọ̀, a wà níbí. "Ọ̀kun" tí a fi ń kí ara wa náà ni wọ́n fi ń pè wá. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tísà, oko ni wọ́n kọjú sí báyìí: iṣu, àgbàdo, kájú díẹ̀. Iyán kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn nílé wa. Iyán lálẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre nínú ẹ̀, àti wàrà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá Fúlàní kan ti ń gbé wàrà wá sí ojúlé wa. Kò tíì kan ilẹ̀kùn tí bàbá mi á ti máa wá ṣéńjì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ti oko dé, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ń dun àwọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá tí n kò rí kó sunkún rí ti ń yí kiri lórí ẹní. Wọn ò lè jókòó, wọn ò lè dìde, wọ́n ń bì. Aládùúgbò kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Òmíràn ní òkúta inú ìrẹsì tí wọn ò ṣà dáadáa ló lọ jókòó sínú wọn. (Rárá o. Òkúta tí ẹ bá gbé mì pẹ̀lú ìrẹsì, ìgbẹ́ ni yóò bá jáde. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà dé kíndìnrín. Inú ìtọ̀ ni òkúta kíndìnrín ti ń dì, díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ ṣe ń dì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí omi inú ẹ̀ ti gbẹ.)

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n rí òkúta kékeré kan. Oògùn ìrora, omi, ọjọ́ mélòó kan, ó sì bá ìtọ̀ jáde. A dúpẹ́, a jó. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ sílé, ẹnìkan níbẹ̀ sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n jìnnà sí mílíìkì àti ohunkóhun tó bá ní kálísíọ́mù. Gbólóhùn kan péré. Kò jókòó ṣàlàyé, a ò sì béèrè.

Èmi ọ̀mọ̀wé, mo padà sílé, mo wo ojú ìwé méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ohun tó jọ ohun tí wọ́n sọ, mo ṣe fídíò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fídíò yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ àwọn tísà àtijọ́. Tí ẹ bá fún wọn ní òfin, wọ́n á pa á mọ́ ju ẹni tó ṣe òfin lọ. Bàbá mi gba fídíò mi sórí fóònù, wọ́n fi báírò pupa kọ gbogbo ẹ̀ sórí páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná: MÍLÍÌKÌ RÁRÁ. WÀRÀ RÁRÁ. EDÉ RÁRÁ. Nígbà tí ìyá Fúlàní wa dé, wọ́n ní kó má ṣe bínú, àwọn ò rà mọ́. Ó béèrè pé ṣé wàrà òun kan ni. Wọ́n ní rárá, ọmọ àwọn ló sọ pé kò dára fún àwọn. Ó tún padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, kò wá mọ́.

Tíì àárọ̀, wọ́n ń mu ún láìsí mílíìkì, dúdú, ife méjì. Ẹ̀pà yíyan rọ́pò wàrà tí wọ́n fi ń panu lọ́sàn-án. Ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Nítorí pé ọbẹ̀ ò dùn tó mọ́ láìsí edé àti wàrà, ìyá mi fi màgí kún un, ó fi ẹran kún un. Gbogbo wa rò pé bàbá ń ṣe dáadáa ni.

Kò tó ọdún méjì tí òkúta fi padà. Èyí tóbi. A gba Ọ̀mù-Àrán lọ sí Ìlọrin, wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ wọ inú wọn lọ fọ́ ọ. Gbogbo owó kájú ọdún yẹn lọ síbẹ̀, ó sì tún ku gbèsè.

Lẹ́yìn tí ara wọn balẹ̀ ni dókítà kan tó jẹ́ obìnrin jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ òkúta rárá. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ jẹ lánàá tí ẹ kò tíì wá síbí, láti àárọ̀ dé alẹ́." Bàbá mi kà á fún un tayọ̀tayọ̀, bí ọmọ tó ń ka ìsirò. Tíì láìsí mílíìkì. Ẹ̀pà. Iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Kò sí wàrà, kò sí edé, kò sí mílíìkì, ó ti lé lọ́dún kan àbọ̀. Dókítà yẹn dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ní kí ẹ fi wàrà sílẹ̀?"

Bàbá mi ò dáhùn. Wọ́n kàn yíjú sí mi.

Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ó dà bí ojú tísà tó ń dúró kí ọmọ tó mọ ìdáhùn na ọwọ́ sókè.

Ohun tí dókítà náà ṣàlàyé rèé, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi.

Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní oxalate. Inú ewéko ló máa ń wà: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, gbúre, ẹ̀pà, ewé tíì, ànàmọ́, kókò. Ẹ ò nílò ìwé kankan láti mọ̀ ọ́n, ẹ ti pàdé ẹ̀ rí. Tí ẹ bá ń bẹ iṣu tútù tí ọwọ́ ń yún yín, tàbí tí ẹ jẹ kókò tí kò jinná tí ọ̀nà ọ̀fun yín wá ń yún yín bíi kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, abẹ́rẹ́ kéékèèké tí ojú ò lè rí ló ń gún yín. Oxalate àti kálísíọ́mù ló para pọ̀ di abẹ́rẹ́ yẹn. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ló para pọ̀ di èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta kíndìnrín.

Oxalate àti kálísíọ́mù kì í ríra kí wọ́n má dì mọ́ra. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀ ni pé, níbo ni wọ́n ti pàdé?

Tí wọ́n bá pàdé nínú ìfun, nígbà tí oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á dì mọ́ra, ara ò ní rí wọn fà wọlé, wọ́n á bá ìgbẹ́ lọ. Ó parí. Ṣùgbọ́n tí oxalate bá dé inú ìfun tí kò bá kálísíọ́mù níbẹ̀, òun nìkan á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á dé kíndìnrín, á bọ́ sínú ìtọ̀. Kálísíọ́mù sì wà nínú ìtọ̀ gbogbo wa, yálà a mu mílíìkì tàbí a ò mu ún, nítorí pé inú eegun ni ilé ìṣúra ẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá pàdé, nínú kíndìnrín, níbi tí kò yẹ.

Ẹ fojú inú wo gáréèjì. Oxalate ni àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kálísíọ́mù inú oúnjẹ ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó wà lẹ́nu géètì, tó ń fà á lápá pé "wọlé, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra," tó sì gbé e kúrò ní ìlú. Èmi ni mo lọ lé kọ̀ńdọ́kítọ̀ kúrò lẹ́nu géètì. Àlejò ò rí ẹni fà á, ó rìn wọ ìgboro, ó lọ kọ́lé sẹ́yìn bàbá mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "dókítà kan ṣoṣo ló sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé hàn yín. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á ju ojú ìwé méjì lọ.

Ní 1993, Gary Curhan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ọkùnrin 45,619 tí wọn ò ní òkúta rí ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún mẹ́rin. Gbogbo ayé ń retí pé àwọn tó ń jẹ kálísíọ́mù jù ni òkúta á pọ̀ lára wọn. Òdìkejì ni wọ́n rí. Ewu òkúta lára àwọn tí kálísíọ́mù pọ̀ jù lọ nínú oúnjẹ wọn fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti àwọn tí tiwọn kéré jù lọ.

Ẹ lè sọ pé títẹ̀lé èèyàn kiri kò tó ẹ̀rí, bóyá nǹkan mìíràn ló fà á. Ó dáa. Ní 2002, Loris Borghi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì mú ọkùnrin 120 tí òkúta kálísíọ́mù ti ń padà sí lára, tí kálísíọ́mù sì pọ̀ nínú ìtọ̀ wọn. Wọ́n pín wọn sí méjì, 60, 60. Àwọn ìdajì kan dín kálísíọ́mù kù sí bíi mílígíráàmù 400 lóòjọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ yín nínú fídíò. Àwọn ìdajì kejì jẹ kálísíọ́mù tó pé, bíi mílígíráàmù 1,200, wọ́n wá dín iyọ̀ àti ẹran kù. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, òkúta ti padà sára 23 nínú àwọn àkọ́kọ́. Nínú àwọn kejì, 12 ni.

Kò sọ pé kálísíọ́mù nìkan ló ṣe é, ìyọ̀ àti ẹran tí wọ́n dín kù náà wà ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìdáná wa ní Igbaruku. A yọ kálísíọ́mù kúrò, a fi iyọ̀ inú màgí àti ẹran kún un. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ara wọn yá ni a yí padà pátápátá! Ká ní ẹnìkan ń wá bí òkúta ṣe máa tètè padà sára èèyàn ni, kò lè ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan tó wá dùn mí jù rèé. Ọ̀rọ̀ "ẹ dín kálísíọ́mù kù" yìí, ibi tí mílíìkì pọ̀ bí omi ni wọ́n ti mú un wá, wọ́n wá fi lé àwa tí a ò tíì jẹ tó lọ́wọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jos? Kò jìnnà sí wa, àárín gbùngbùn Nàìjíríà níbi. Ní 1999, Tom Thacher àti àwọn dókítà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn ọmọ 123 tí eegun ẹsẹ̀ wọn rọ̀ tó sì tẹ̀. Oòrùn Jos kò le? Àwọn tó mọ̀wé ti ń sọ tipẹ́ pé àìrí oòrùn tó, àìní fítámìn D, ló ń fa irú àìsàn yẹn. Ṣùgbọ́n kálísíọ́mù tí àwọn ọmọ yẹn ń rí jẹ kò ju bíi mílígíráàmù 200 lọ lóòjọ́. Nígbà tí wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ́mù, tí wọ́n fún àwọn kan ní fítámìn D nìkan, àwọn tó gba kálísíọ́mù ló tètè sàn jù. Àìjẹ kálísíọ́mù tó ló ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn.

Àgbàlagbà nílò bíi mílígíráàmù 1,000 lóòjọ́, tí ọjọ́ orí bá ti lọ, 1,200. Ife mílíìkì kan ní bíi 300 nínú. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, mélòó lẹ rí jẹ lánàá? Èmi ṣírò tèmi, ojú tì mí. Èmi tí mo dúró síwájú kámẹ́rà tí mò ń lé àwọn èèyàn kúrò nídìí wàrà.

Ṣé kí gbogbo wa wá lọ máa ra kálísíọ́mù oníhóró tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì? Ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ ti oúnjẹ yàtọ̀ sí ti oògùn. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lára obìnrin 36,282 ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ti kọjá nǹkan oṣù, wọ́n fún àwọn kan ní hóró kálísíọ́mù pẹ̀lú fítámìn D. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2006, òkúta kíndìnrín fi ìdá 17 nínú 100 pọ̀ lára àwọn tó ń lo hóró yẹn ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí dókítà wa sọ ni pé ẹni tó bá gbé hóró mì láìjẹun, kálísíọ́mù náà á débẹ̀ nígbà tí oxalate ò sí ńbẹ̀, kò ní rí nǹkan kan dì mọ́, òun fúnra ẹ̀ ni ara á wá fà wọlé, ìtọ̀ á sì gbà á. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún yín nítorí eegun, ẹ má ṣe torí tèmi jù ú nù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá kí ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ.

Níwọ̀n ìgbà tí a wà lórí hóró: ẹ̀yin tí ẹ ń mu fítámìn C mílígíráàmù 1,000 lójoojúmọ́ nítorí awọ ara, ara ń sọ apá kan nínú ẹ̀ di oxalate. Ẹni tó bá ti ní òkúta rí, kó jọ̀wọ́ fi ìyẹn sílẹ̀, kó jẹ ọsàn.

Báwo la wá ṣe ń ṣe é nílé wa báyìí? Wàrà ti padà sínú ọbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí òun àti ẹ̀fọ́ jọ wà nínú àwo kan náà, kì í ṣe wàrà láàárọ̀ kí ẹ̀fọ́ wá di alẹ́. Inú ìfun, lásìkò kan náà. Ẹni tí wàrà ò bá rọ̀ lọ́rùn, ẹja kéékèèké gbígbẹ tí a ń jẹ teegunteegun wà níbẹ̀, sáàdínì inú agolo wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ jẹ eegun ẹ̀ ni o, torí inú eegun yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Nọ̀nọ̀ náà dára, àmọ́ ẹ rí i dájú pé mílíìkì tí wọ́n fi ṣe é ti hó, àìsàn lè wà nínú mílíìkì tútù. Ní ti wàrà, iná ló máa ń jẹ kó tó dì. Bí ẹ ò bá tíì rí bí wọ́n ṣe ń fi omi ewé bomubomu dì í, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ ọwọ́ tó rẹwà ni.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹ má sá fún un. Bàbá mi ti ń gbìyànjú láti sá fún ẹ̀fọ́ náà, mo ní rárá, a ò tún ní kọ páálí mìíràn. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe látijọ́, pé kí wọ́n bọ ẹ̀fọ́ kí wọ́n da omi ẹ̀ nù, ó wúlò gan-an fún irú èyí, torí oxalate tó bá ti yọ́ sínú omi á bá omi lọ. Ìyá mi ò mọ oxalate, ó kàn ní ẹ̀fọ́ tí a ò bọ̀ máa ń korò lẹ́nu òun. Tíì, wọ́n ti dín in kù sí ife kan, pẹ̀lú mílíìkì. Ẹ̀pà, ẹ̀kúnwọ́ kan.

Iyọ̀ ló le jù. Iyọ̀ tí a bá jẹ máa ń ti kálísíọ́mù jáde sínú ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ inú màgí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà bá jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Gbogbo ẹ̀ o, ti inú búrẹ́dì, ti inú nudulu, ti inú màgí. Ìyá mi ní irú ló máa gbà á sílẹ̀. Ó ti ń gbìyànjú. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dà bí ìyà.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú omi. Àwọn dókítà ń fẹ́ kí ìtọ̀ tó ń jáde lára ẹni tó ti ní òkúta rí tó lítà méjì àbọ̀ lóòjọ́. Ìtọ̀ ni mo wí o, kì í ṣe omi tí ẹ mu, torí òógùn á gba tiẹ̀ lọ́nà. Bàbá mi ń lọ sóko láàárọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan tí kò tó lítà kan, oòrùn á pa wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, ìtọ̀ wọn á wá pọ́n bí epo. Báyìí, píọ̀ wọ́tà mẹ́fà ni wọ́n ń kó lọ sóko, lítà mẹ́ta nìyẹn, wọ́n sì ń mu sí i nílé. Wọ́n máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ohun kan wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọsàn tó máa ń dènà kí òkúta dì nínú ìtọ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó ń yọ́ òkúta tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò dókítà o. Tí ẹ̀gbẹ́ bá ń dùn yín tí ibà sì tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn kíá, lóru lóru. Ìyẹn lè pa èèyàn.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ fún. Kì í ṣe gbogbo òkúta ni ti kálísíọ́mù, àwọn kan wà tí kòkòrò àìsàn ń fà, àwọn kan wà tó jẹ́ ti uric acid, ìyẹn tó máa ń bá ẹran àjẹjù rìn. Ìdí nìyẹn tí dókítà wa fi ní tí òkúta bá tún fẹ́ jáde, kí wọ́n máa tọ̀ sínú asẹ́, kí wọ́n gbé òkúta yẹn wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti ń kọṣẹ́ náà yàtọ̀ sí ẹni tó ní òkúta, oúnjẹ tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má ṣe fi thread mi tọ́jú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣe fídíò. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò, torí èmi náà rò ó: pa á rẹ́, ta ni yóò mọ̀? Mo gbìyànjú ẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀ kí n tó rántí pé fídíò yẹn kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ó wà lórí fóònù àwọn màmá kan ní Kàbà, ní Lọ́kọ́ja, ní ibi tí mi ò mọ̀. Tí mo bá pa tèmi rẹ́, tiwọn á ṣì wà, ẹni tó bá sì fẹ́ padà wá wò ó lọ́dọ̀ mi kò ní rí ìdáhùn kankan níbẹ̀. Nítorí náà mo fi í sílẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ẹ̀ pé MO ṢÌNÀ, mo sì so thread yìí mọ́ ọn. Iye àwọn tó máa ka èyí kò lè tó ìdámẹ́wàá àwọn tó wo tọ̀hún, mo mọ̀. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀bẹ̀ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mi ti ya páálí ara ògiri kúrò. Ọjọ́ tí wọ́n ya á, wọ́n ní kí n máa bá àwọn lọ sọ́jà, a lọ wá ìyá Fúlàní wa. Kò sí níbẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ló jókòó ti igbá. Bàbá mi kí i, wọ́n ra wàrà tó pọ̀ ju èyí tí a lè jẹ lọ, wọ́n wá ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Bàbá Tísà ní ọmọ òun ti ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀.

Lánàá wọ́n tún pè mí láti ilé. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ ni, ọkàn mi já. Wọ́n ní rárá, ìbéèrè làwọn ní: ìgbà wo ló yẹ kí wàrà wọ inú ọbẹ̀, kí ẹ̀gúsí tó dì ni àbí lẹ́yìn tó bá dì? Mo ní, "Bàbá, ẹ bi Màámi." Wọ́n ní Màámi ló ní kí àwọn bi mí.